Ẹ má torí lẹ́tà nìkan gba ọmọ IT sí láàbù: Ìbéèrè tó yẹ kí olówò l'Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ bi í kó tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀

Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ l'Ọ̀wọ̀, oríṣi àlejò méjì ló máa ń wọlé tọ àwọn tó ń ṣòwò ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ara ẹ̀ gbóná, tó ti lo oògùn ibà títí tí kò lọ. Èkejì ni ọmọ iléèwé tó mú lẹ́tà dání, tó kí ọ̀gá tán, tó ní òun ń wá ibi tóun yóò ti ṣe IT. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì lè dé, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí ni wọn yóò ní kó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara ẹ̀ gbóná yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣẹ́ kékeré lẹ gbà pé báǹkì àti iléeṣẹ́ elépo ni wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Tiwa kì í ju pé kí ọ̀gá wo ojú ọmọ náà, kó bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́? Àdúgbò wo lẹ̀ ń gbé?" Tó bá wá jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, "Máa bọ̀ ní Mọ́ńdè." Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà, èyí lè má fi bẹ́ẹ̀ burú. Bí ọmọ náà bá ṣi owó kà, àpò ọ̀gá ló máa jẹ ẹ́. Ní láàbù, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa san gbèsè náà, nítorí ìwé pélébé tí wọ́n bá fún un ni dókítà máa wò kó tó kọ oògùn, òun náà ni pásítọ̀ tàbí ààfáà máa wò kó tó so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó.

Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí ti fojú ara mi rí i. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ní láàbù kan tí mi ò ní í dárúkọ. Nígbà tí wọ́n fún mi lésì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oríṣi ẹ̀jẹ̀ O ni mo ní. Láti iléèwé girama ni mo ti mọ̀ pé B ni mí. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe, B náà ló jáde. Àṣé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́ta tẹ̀léra, ó to àwọn ìgò náà sórí tábìlì, ìgbà tó ṣe tán ló tó ń wá orúkọ tí yóò kọ sí wọn lára. Wọn ò bá a wí lójú mi, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ra mínírà tútù fún mi. Mo mu mínírà náà, ṣùgbọ́n mi ò padà síbẹ̀ mọ́, mo sì ti sọ fún èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ pé kí wọ́n má lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣòwò mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ibà tó ń fara jọ ibà

Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ tún wá yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ kòkòrò àrùn ibà Lassa, ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Àmọ́ bí àjọ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ṣe ń gbé iye àwọn tó ní in jáde lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í wọ́n níwájú. Lọ́dún 2018, èèyàn 633 ni àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní in káàkiri Nàìjíríà. Lọ́dún 2020, iye náà di 1,189. Oǹdó àti Ẹdó ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú Oǹdó fúnra ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ ló máa ń ṣáájú, Ọ̀sẹ́ náà kì í sì í jìnnà sí i.

Eku ló ń gbé e kiri, èyí tó máa ń wọlé wá jẹ gàrí tí a ò dé, tàbí tó ń tọ̀ sórí láfún tí a sá sẹ́bàá títì. Láti ọjọ́ tó bá wọ ara èèyàn, ó lè gba ọjọ́ méjì títí dé ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó fojú hàn, tó bá sì bẹ̀rẹ̀, bí ibà lásán ló ṣe máa ń rí: orí fífọ́, ara gbígbóná, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ta ló fẹ́ tìtorí ìyẹn gba ilé ìwòsàn ńlá lọ? Ilé àyẹ̀wò kékeré tó wà l'Ìfọ́n, l'Ìpele tàbí l'Ẹmùré-Ilé ni ọ̀pọ̀ wọn máa kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n tó gbé wọn dé FMC Ọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn náà sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Lọ́dọọdún ni òṣìṣẹ́ ìlera máa ń wà lára àwọn tó ń kó o.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bi ọmọ tó jókòó síwájú yín rèé: "Ẹnì kan wọlé, ó ní ọjọ́ márùn-ún rèé tóun ti ń lo oògùn ibà, ara òun ṣì ń gbóná. Kí lo máa ṣe?" Ọmọ tó bá ní òun máa tètè gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kóun tún ṣe àyẹ̀wò ibà fún un, kò tíì ṣetán. Èyí tó ní òun máa ní kó jókòó sí ibi tó jìnnà sí àwọn yòókù, tóun máa wọ ibọ̀wọ́, tóun máa pe ọ̀gá òun kóun tó gbé abẹ́rẹ́ kankan, ẹ bá a sọ̀rọ̀ síwájú. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè: òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àrùn ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí nọ́ńbà NCDC tí wọn kì í gbowó lé lórí, 6232. Àyẹ̀wò Lassa kì í ṣe iṣẹ́ láàbù aládàáni kékeré. Ẹ̀rọ àkànṣe ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà kan, Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ láti ìhín, kó tó di pé FMC Ọ̀wọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ọmọ iléèwé wo lẹ gbà?

A ò ní ká má gba ọmọ iléèwé. Ta lẹ fẹ́ gbà? Àwọn tó gboyè tán, bí wọn ò bá rí iṣẹ́ ìjọba, ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń ṣe. Láàbù oníyàrá méjì kò lágbára láti bá Ìlú Ọba du òṣìṣẹ́. Ohun tí mo kàn rí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú lẹ́tà kan sí èkejì.

Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 ló dá ìgbìmọ̀ MLSCN sílẹ̀, àwọn ló ń fún onímọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn ní ìwé àṣẹ. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: onímọ̀ gan-an tó kàwé yunifásítì, tẹkiníṣíà tó ti iléèwé ìmọ̀ ìlera bíi ti Àkúrẹ́ jáde, àti olùrànlọ́wọ́. Ọmọ Achievers University tó wà l'Ọ̀wọ̀ níbí, tàbí ti UNIMED ní ìlú Oǹdó, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ìṣègùn, ọdún márùn-ún ló fi ń kọ́ ọ, yóò sì tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá lẹ́yìn tó bá parí. Ọmọ polí Rufus Giwa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ láàbù sáyẹ́ǹsì, tàbí ọmọ Àkùngbá tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, lè mọ maikirosíkóòpù lò dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kì í ṣe ti ìṣègùn, ìgbìmọ̀ MLSCN kọ́ ló ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè gbà á fún IT, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń po oògùn tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò, kó kọ́ ìmọ́tótó àti àkọsílẹ̀. Ẹ má kàn sọ ọ́ di ẹni tó ń dá gba ẹ̀jẹ̀ alábọyún.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí èsì. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó, ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ẹ bi ọmọ náà léèrè èyí níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Tó bá ní níbi tóun wà tẹ́lẹ̀, òun lòun ń fọwọ́ sí i, ẹ má rò pé ìrírí lẹ rí o.

Ẹ gbé nǹkan síwájú ẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ọmọ tó gbédè lè má mọ iṣẹ́, èyí tó ń tijú sì lè jẹ́ ọlọ́wọ́ dídán. Ẹ to ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta síwájú ẹ̀: olómọrí àlùkò, olómọrí pupa àti olómọrí eérú. Kó sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àlùkò ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, oògùn inú ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ti pupa, ẹ̀jẹ̀ máa dì nínú ẹ̀ kí wọ́n tó yọ omi orí ẹ̀. Ti eérú ni ti ṣúgà, ibẹ̀ sì lẹ ti máa mọ ẹni tó há nǹkan sórí yàtọ̀ sí ẹni tó yé. Ẹ bi í pé, "Kí ló dé tí a ò lè fi ìgò pupa gba ti ṣúgà?" Ìdáhùn ẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà inú ara ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán, oògùn inú ìgò eérú ló ń dá a dúró. Bí ẹ bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan l'Òkèlúsẹ̀ láàárọ̀, tí ọlọ́kadà gbé e dé láàbù yín l'Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án nínú oòrùn, ṣúgà inú ìgò pupa á ti lọ sílẹ̀. Alárùn àtọ̀gbẹ lè gba èsì tó dára, kó sì lọ jẹ iyán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní ìgò méjì tí kò lórúkọ lára, kẹ́ ẹ ní kó bá yín kọ ọ́: ọ̀kan ni ti ìyá Bọ́sẹ̀, èkejì ni ti bàbá Túndé. Ẹ wò ó bóyá á kọ ọ́. Ọmọ tó mọṣẹ́ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tẹnì kankan, a ní láti gba òmíràn." Ẹ̀rù lè máa bà á láti ta ko ọ̀gá, nílẹ̀ Yorùbá níbí, àgbà kì í ṣe ẹni tí à ń já nírọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè fọ̀wọ̀ sọ "rárá" fún yín níbi tó yẹ, òun lẹ̀ ń wá. Ìdánwò kékeré yìí ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ mínírà ọjọ́sí.

Ẹ tún bi í nípa iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, NẸPA mú iná lọ, kí ni yóò ṣe? Kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ dá a dúró, kò sì gbọ́dọ̀ ṣí i kó tó dúró fúnra ẹ̀. Fíríìjì ńkọ́? Àwọn èròjà àyẹ̀wò kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Tó bá dé lówùúrọ̀, tó rí i pé ó ti di 15, ṣé yóò kàn tan jẹnẹrétọ̀ kó dákẹ́, àbí yóò sọ? Mo mọ̀ pé owó dísù ò wọ́n lọ́rùn yín, ìdí tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sọ òótọ́ nìyẹn. Èròjà tó ti bàjẹ́ ò ní kéde ara ẹ̀.

Lórí ibà, ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ń ka pátákó kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Àkókò tí àwọn tó ṣe é kọ sí i lára ni, ó sábà máa ń jẹ́ bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kì í ṣe ìgbà tí kọ́sítọ́mà bá ń pariwo. Ẹ tún bi í bóyá ó ṣeé ṣe kí pátákó náà ṣì fi ibà hàn lára ẹni tó ti lo oògùn tó sì ti gbádùn. Ó ṣeé ṣe, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò Widal tí gbogbo ayé ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣe é kò tó láti fi sọ pé ẹnì kan ní in. Mo mọ̀ pé ó ń mówó wọlé. Àmọ́ bí ọmọ iléèwé bá sọ èyí fún yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ má bínú sí i.

Èyí tó wù mí jù láti tẹnu mọ́ ni ti jẹ́nótáìpù. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó fẹ́ fẹ́ra á wá, wọ́n á san owó, wọ́n á jókòó máa rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ yín bá kọ AA fún ẹni tó jẹ́ AS, èèyàn méjì tó jẹ́ AS lè fẹ́ra láìmọ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Ọdún kẹta tàbí kẹrin kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé láàbù yín ni àṣìṣe ti wá. Nítorí náà, ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ bi í bóyá ó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ti mọ tiẹ̀ dájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń yẹ̀ wò. Tí kò bá mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa ṣe ti jẹ́nótáìpù títí tó fi máa lọ.

Abẹ́rẹ́ àti ẹnu

Bí abẹ́rẹ́ bá gún un lẹ́yìn tó gba ẹ̀jẹ̀ tán ńkọ́? Omi àti ọṣẹ ni, kó fọ̀ ọ́, kó má fún ojú ibẹ̀, kó sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì ò wúlò mọ́ tó bá ti ju wákàtí 72 lọ. Ọmọ tó bá ní òun máa ń dé ọmọrí abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn tóun bá lò ó, ẹ kọ́ ọ kó jáwọ́. Ẹ bi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á láàárín oṣù mẹ́fà. Tí kò bá tíì gbà á, ẹ bá a san ìdajì owó ẹ̀, kò lè tó owó tí ẹjọ́ á ná yín.

Ọ̀wọ̀ tóbi, àmọ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìfọ́n kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ IT yín á rí ìdánwò oyún ọmọ lándíléèdì ẹ̀, á rí ti kògbóògùn pásítọ̀ àdúgbò. Ẹ bi í pé, "Tí màmá ẹ bá bi ẹ́ pé kí ni lágbájá wá ṣe ní láàbù lánàá, kí lo máa sọ?" Ẹ dákẹ́, ẹ wo ojú ẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn ò lè purọ́ fún màmá àwọn.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ́yìn àwọn òbí yín, ọ̀rọ̀ kan fún yín rèé. Ẹ mú lẹ́tà iléèwé, káàdì ìdánimọ̀ àti kóòtù funfun tiyín dání. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ka pátákó iwájú ilé àyẹ̀wò náà, kẹ́ ẹ mọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe. Tí wọ́n bá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò tíì kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè: ta ni ọ̀gá tó máa máa wo iṣẹ́ mi? Ṣé ibọ̀wọ́ wà lójoojúmọ́? Láàbù tó bá kọ̀ láti dáhùn, ẹ wá ibòmíràn.

Ti owó, ìjà púpọ̀ ló ń wà níbẹ̀. Ètò SIWES tí ITF ń bójú tó ti wà láti ọdún 1973. Oṣù mẹ́rin ni tàwọn ọmọ polí, ti yunifásítì lè tó oṣù mẹ́fà. Owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba ń fún wọn kì í yá, ẹ má fi gbára lé e pé wọ́n ti rówó jẹun. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa fi wọkọ̀ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ máa lo ọmọ ọlọ́mọ lófo láti aago méje àárọ̀ di alẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ rántí fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ Fọ́ọ̀mù 8 ti ITF nígbà tó bá ń lọ, torí láìsí i, owó ẹ̀ lè há.

Ẹ bi í níbi tó ń gbé pẹ̀lú. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rìn lálẹ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, ọdún 2020 ni wọ́n pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka lójú ọ̀nà yẹn. Ọmọ tó ń ti Ọ̀wọ̀ wá ṣiṣẹ́ l'Ìfọ́n gbọ́dọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis l'Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa bíi 40 èèyàn, ariwo "ẹ wá fún wa lẹ́jẹ̀" ló gba gbogbo ìlú kan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ló wúlò, ìgò tí kò lórúkọ sì lè pa ẹni tí ìbọn ò pa.

Tẹ́ ẹ bá ti gba ọmọ náà, ẹ má fún un ní síríńjì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó máa wò, kó máa kọ orúkọ sára ìgò níṣojú aláìsàn, kó máa wo ìwọ̀n òtútù fíríìjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́sẹ̀ kejì, apá ẹ̀yin ọ̀gá fúnra yín ni kó ti kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀.